Èdè Tí Ìyá Mi Fẹ́ Fi Rán Ọmọ Níṣẹ́

Nígbà tí ìyá mi sọ pé kí n kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Obìnrin tó ti ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Missèbo ní Kútọnu láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi Yorùbá ná ọjà, tó ń fi èdè Gùn bá àwọn alábàárù jà, tó ń fi Faransé tí kò lórí tí kò nídìí tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ló tún fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Calavi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ni mo sì máa ń fẹnu ara mi fọ́nnu pé kò sẹ́ni tí mi ò lè kọ́ tónítọ̀hún bá ti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kì í gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wá fi òun dán an wò.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní ìlú ọba, pè wá pé ọmọbìnrin òun ń bọ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Òkè òkun ni wọ́n bí ọmọ náà sí, kò tẹ ilẹ̀ Kútọnu rí, kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Orí fóònù nìkan ni ìyá mi ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti pè, ọmọ á rẹ́rìn-ín, ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á máa rẹ́rìn-ín síra wọn títí dátà á fi tán. Èmi ni ògbufọ̀. Ìyá mi á ní kí n bi í bóyá ó ti jẹun, ọmọ á ní òun ti jẹun, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀, ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá, á ti tutù kó tó délé.” Ó fọgbọ́n bú mi nìyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò bínú, nítorí pé òtítọ́ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọmọ kíláàsì mi: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, báwo ni nǹkan. Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè.

“Ìyẹn ti àlejò ni,” ó ní. “Èyí tí mo lè fi rán an níṣẹ́ ni kó o kọ́ mi.”

“Màmá, kí ọmọ ti òkè òkun dé, kí ẹ wá máa rán an níṣẹ́?”

“Ọmọ tí èèyàn ò lè rán níṣẹ́, àlejò ni. Àlejò a sì máa lọ.”

Mo fẹ́ jiyàn, nítorí pé iyàn jíjà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo rántí ilé wa nígbà tá a wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé òun fẹ́ràn wa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, lọ bá mi mú ìgbálẹ̀, lọ sọ fún ìyá lágbájá pé mo ń kí i, wá bá mi di orí ìdì yìí mú. Ìgbà tí ìyá mi bá ń bínú sí ọ, á dìde lọ ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, á sì gba iwájú rẹ kọjá láìwò ọ́. Kò sí ẹgba tó dun ni tó bẹ́ẹ̀. Bí ara bá ń ta ọ́ nítorí pé ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò rán ọ, ìwọ náà á lọ máa fẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè rí ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn gan-an ti kúrò nínú àwọn tí ìyá mi ń rán níṣẹ́. Láti ìgbà tó ti rìnrìn àjò, bó bá wá sílé, òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun ló máa ń dé sí. Á wá kí wa lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀bùn, ìyá mi á gbé àwo tanganran jáde, á fi omi inú ìgò fún un, á ní kó jókòó dáadáa. Ìyá mi tó máa ń pe ọmọ ọlọ́mọ lójú títì pé kó wá bá òun gbé ẹrù, kò jẹ́ sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé kó sún àga. Bó bá lọ tán, ìyá mi á fọ àwo náà fúnra rẹ̀. Mi ò bi í léèrè rí, nítorí mo mọ ohun tó ń dùn ún.

Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti lé àwọn oníbàárà lọ, ni a ń ṣe ẹ̀kọ́ wa ní ìsọ̀ rẹ̀. Mi ò mú ìwé dání, kò ní kí n mú un. Aṣọ ni a fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òkìrìkà á mọ̀ pé kíkó àti ṣíṣà ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé ọ̀já tí wọ́n fi di bẹ́ẹ̀lì, aṣọ á wú jáde bí àkàrà inú epo gbígbóná, àwọn obìnrin tó ń rà á láti lọ tún un tà á sì ti yí i ká, olúkúlùkù á fẹ́ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á jókòó ti èyí tó kù, á máa ya gidi sọ́tọ̀, á ya èyí tó ya sọ́tọ̀, á sì ju èyí tó jẹ́ àkísà sí ẹ̀yìn.

Mo sọ fún un pé “gather” ni kí nǹkan ti fọ́n káàkiri, kí ọwọ́ wá fà á wá sójú kan. Ìyá mi na apá méjèèjì, ó kó òkìtì ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ra bí ẹni tó ń gbá ọmọ mọ́ àyà. Ó ní òun ti gbọ́ ìyẹn. Mo ní “pick” ni ṣíṣà, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú ti rí i kí ọwọ́ tó débẹ̀. Èyí wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kò mọ̀ pé òyìnbó ní orúkọ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ fún un. Ó sọ ọ́ lórí gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tó mú lọ́jọ́ yẹn, títí ìyá aládùúgbò ìsọ̀ wa fi bi mí bóyá ara Màmá yá.

Nígbà tí mo ní “pick up” ni kéèyàn he nǹkan nílẹ̀, mo fi kún un pé òyìnbó tún máa ń fi sọ ti òtútù tó mú èèyàn, ó ń fi sọ ti ọmọ tí wọ́n lọ mú níléèwé, ó sì ń fi sọ ti èdè tí kò sẹ́ni tó kọ́ni.

“Wọ́n ń he èdè?” ìyá mi béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí ẹni tó bá a lójú ọ̀nà.”

“Bí mo ṣe gbọ́ Gùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó.”

Mo wá dé orí “collect”. Mo ṣàlàyé pé èèyàn a máa lọ bá nǹkan náà níbi tó wà, nítorí pé ó tọ́ sí i, kó lọ gbà á. Wọ́n ń “collect” owó orí, wọ́n ń “collect” ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń “collect” ọmọ nílé ìwé. Ìyá mi wò mí. Ó ní ṣé agbowó-orí àti ìyá ọmọ ló wá ń ṣe iṣẹ́ kan náà báyìí? Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi di òpó ìsọ̀ mú. “Hoard” kò gba àlàyé púpọ̀: mo ní kéèyàn kó nǹkan jọ kó sì fi ahun pa á mọ́, ó fi ẹnu júwe obìnrin kan tó máa ń fi jíǹsì tó dáa sábẹ́ tábìlì títí dìgbà ọdún. “Amass”, ìyá mi kò gbà láti kọ́ ọ. Ó ní ti àwọn olóṣèlú nìyẹn, kí n fò ó.

“Accumulate” ló kàn. Mo ní ìyẹn ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò dìídì kó, tó kàn ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù, bí omi òjò nínú àgbàlá tó rẹlẹ̀. Ó fọwọ́ nu aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó ní, “Bí ọjọ́ orí.” Mo yára kọjá síbòmíràn.

Ibi tá a wà nìyẹn tí oníbàárà kan dé, bí mo sì ṣe ń dìde ni ìyá mi bi mí pé kí ni wọ́n ń pe “ká”. Ata inú oko ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní “harvest”. Ó tún un sọ lábẹ́ ahọ́n, ó kà á mọ́ àwọn tó ti mọ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ dé nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí Kútọnu tutù díẹ̀ tí ojú ọ̀run sì máa ń ṣú láìrọ̀. Ọmọ gíga tó tín-ín-rín ni ọmọ náà, ó wọ awò ojú, kò bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn bó tilẹ̀ jókòó tán. Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ kan ní Èkó tó fẹ́ lọ ṣe. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Bí ara ọmọ bá ti balẹ̀, kó dúró tì wá títí ọlidé á fi parí. Bí kò bá balẹ̀, òun á mú un lọ. Iwájú ìyá mi ló ti sọ ọ́.

“Mi ò fẹ́ fipá mú un, Màmá. Bí ibí kò bá mọ́ ọn lára, mi ò ní mú un wá mọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ìyá mi dáhùn. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó padà wọlé, ó dúró sójú kan, ó ń wo ọmọ tó jókòó sétí àga, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti dàgbà. Bí ọmọ yìí bá lọ lọ́jọ́ Àìkú, kò dá a lójú pé òun tún máa fojú kàn án.

Gbogbo wa ló sọ ọmọ náà di ọba. Èmi fúnra mi ra omi inú ìgò, mo dojú fáànù kọ ọ́, mo gé etí búrẹ́dì fún un. Àwọn tá a jọ ń gbé inú ọgbà wá ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ọmọ náà ń dúpẹ́ lórí ohun gbogbo, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó dojú kọ ògiri, ó ń sunkún láìpariwo. Bí ọmọ bá pariwo sunkún, èèyàn á mọ ibi tó máa gbá a mú. Èyí tó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò fún ni láàyè. Bó ṣe jí lọ́jọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi gbé àwo ẹ̀wà ka itan. Ó pe ọmọ náà.

“Come,” ó ní. Ó fi ìka mú òkúta kan láàárín ẹ̀wà, ó jù ú sílẹ̀. “Pick.”

Ọmọ wo ojú mi. Ó ti wà lẹ́nu mi kí n sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, ṣùgbọ́n ìyá mi wò mí bákan. Ọmọ jókòó. Àṣé kò mọ èyí tá a fẹ́ nínú òkúta àti ẹ̀wà. Ẹ̀wà ló ń ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ sínú abọ́, ó fi òkúta sílẹ̀ sínú àwo, ó ń fara balẹ̀ bí ẹni tó ń to ìlẹ̀kẹ̀. Mo fẹ́ dá a dúró. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀, ó ṣáà ń ṣà. A jẹun pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà jẹ díẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ó mọ iye wàhálà tó ti ṣe lórí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò tí kò sẹ́ni tó retí ṣú dẹ̀dẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn nínú ọgbà. Mo wà nínú ilé ìdáná, ohùn ìyá mi ni mo gbọ́, ó le bí ìgbà tó bá ń pe alábàárù:

“Harvest the clothes!”

Ọmọ náà dìde. Ó wo okùn, ó wo ìyá mi, ó tún wo okùn. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yẹ̀, ó wá sáré bọ́ sínú òjò, ó ń já aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan sí èjìká bí ẹni tó ń kórè lóòótọ́. Ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti kórè gbogbo rẹ̀ tán. Ìyá mi kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín, tìdùnnú tìdùnnú.

Tíṣà ni mí. Mo ní kí n tún un ṣe.

“Màmá, ti ata oko ni ìyẹn, wọn kì í fi sọ pé ká aṣọ.”

“Ṣé ó gbọ́ àbí kò gbọ́?”

“Ó gbọ́.”

“Aṣọ ńkọ́, ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?”

“Ó wọlé.”

“Ó tán.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń mú un lọ sí ọjà. Wọ́n á jọ gun zẹ́mì kan, ọ̀kadà tó ń ná gbogbo ìlú, ọmọ láàárín, ìyá mi lẹ́yìn, wọn á gba àdúgbò Ganhi kọjá lọ sí Missèbo. Ọmọ ń ya aṣọ ọmọdé kúrò nínú ti àgbà. Ó ń kó háńgà tó fọ́n ká jọ. Ó máa ń fa aṣọ yọ nínú òkìtì, á ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi ṣe nílùú tòun: èyí ni wọ́n ń wọ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún iléèwé, èyí tó nípọn yìí ni ti ìgbà tí yìnyín bá bọ́. Ìyá mi kì í gbọ́ ju ìdá díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n á gbé aṣọ náà wò dáadáa, á mi orí, á sì tún iye tó fẹ́ tà á rò. Bí ó bá ní kó lọ “collect” nǹkan lọ́dọ̀ ìyá ìsọ̀ kejì, ìyẹn náà á tún rán an sí ẹlòmíràn, ọ̀kan á fi Gùn rán an, òmíràn á fi Faransé, ọmọ á wo ọwọ́ wọn, á lọ. Ó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà ní ọwọ́ àti eruku níwájú orí. Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Mo máa ń wò ó bó bá sùn, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ìyá mi kọ́ lórí ìdì aṣọ.

Fóònù ló fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó, ó ní kí n fi ojú ọmọ han òun. Ọjà ni a wà. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀lì, òkìtì aṣọ níwájú rẹ̀, irun rẹ̀ funfun fún òwú. Ọmọ náà juwọ́ sí i, ó ní ọwọ́ òun dí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo mú wá fún yín?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn.”

“Nínú eruku yẹn? Lọ́la ni mo ń bọ̀. Kí ẹ ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.”

Mo fi Yorùbá tó rọ̀ sọ ọ́ fún ìyá mi, bó ti lè rọ̀ tó. Kò bínú. Kò sọ pé òun ló bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Òun ló ni ọmọ,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ ṣáájú àkókò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ tó dáa jù wọ ọmọ náà. Ó mú un jókòó sínú àga. Ìyá mi fọ abọ́ fúnra rẹ̀, ó gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá dìde, á fọwọ́ pa á lórí, á ní “Sit, sit.” Èmi kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Èmi pẹ̀lú ń bẹ̀rù, mo ní bóyá bí bàbá rẹ̀ bá bá a ní mímọ́ tónítóní, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, ohùn rẹ̀ kéré:

“Àǹtí, kí ni mo ṣe tí Màmá fi ń bínú sí mi?”

“Kò bínú sí ọ rárá.”

“Kí ló dé tí kò rán mi níṣẹ́ mọ́?”

Ọmọ náà padà lọ jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ sórí itan, èmi sì dojú kọ ìkòkò, mo ń sunkún bí òmùgọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó wọlé, ó rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe jókòó, tí ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Kì í ṣe ẹni burúkú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló ń bà á pé òun ti mú ọmọ òun wá síbi tí ọmọ náà kò lè fẹ́ràn, àti pé ibi náà ni ilé òun.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Ẹ wo ojú rẹ̀. Màmá, ẹ má bínú. A máa lọ.”

Ìyá mi ní kò burú. Èmi ló gbé àpò ọmọ náà jáde, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kó wá. Ọmọ náà dìde, ó gba abẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kọjá, ó lọ bá ìyá mi. Ó kúnlẹ̀ bó ti rí àwọn ọmọbìnrin ọjà tí wọ́n ń ṣe é, orúnkún kan níwájú, ìkejì lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

“Màmá,” ó ní. “Ẹ rán mi níṣẹ́.”

Yorùbá ni. Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nínú ilé náà. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Mo bojú wo ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tá a ti jọ kó jọ sá lọ mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.

“Gbé àpò yẹn padà sínú yàrá,” ó ní.

Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti gbé àpò. Ó wúwo fún un, ó ń wọ́ ọ gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, bàbá rẹ̀ sì yẹ ẹsẹ̀ fún un. A gbọ́ bó ṣe jù ú sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ po lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

“Èmi náà ńkọ́, Màmá?” ó ní.

Ìyá mi wò ó láti bàtà dídán dé orí. Mo rí i pé ó ń wá ohùn tó máa ń lò fún un tẹ́lẹ̀.

“Ìwọ? Gàrí ti tán nílé. Lọ rà á wá lọ́dọ̀ ìyá ẹnu ọ̀nà. Má ra èyí tó kan jù o.”

Ó bọ́ bàtà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, sílípáàsì ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ó sì jáde sínú iyanrìn. Ìyá mi di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi, omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé,” ó ní.